Ogun Tí A Gbọ́ Láti Òkèèrè
Àsọyé lórí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), àti bí ó ti dé etí àwọn ará Lancashire àti ti Abẹ́òkúta



Àwọn bàbá wa a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ogun tí a ti jà ní ayé, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó fi ojú bà á. Àwọn tí ó pọ̀ jù ni àwọn tí ó gbọ́ ọ: ìyá tí ó jókòó sí ilé tí ó ń retí ọmọ, oníṣòwò tí ó ń wo bí ọjà ti ń gòkè tí ó sì ń wálẹ̀, àjèjì tí ó ń ka ìwé ìròyìn ní ìlú tí ìbọn kò ti dún. Nítorí náà ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè: ẹni tí ó gbọ́ ogun láti òkèèrè, kí ni ó gbọ́ ní tòótọ́? Gbèsè wo ni ó sì jẹ àwọn tí ogun náà ń pa?

Kí ọ̀rọ̀ mi má ba à jẹ́ àfẹnusọ lásán, ogun kan ṣoṣo ni mo mú wá síwájú yín, èyí tí í ṣe Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Mo yan án nítorí pé okùn òwú so ìlú méjì tí ó jìnnà réré mọ́ ọn, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní ilẹ̀ wa. Mo sì yan án nítorí pé àwọn kan tí a bí ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín wà ní àárín rẹ̀, tí àwọn ará ilé wọn kò sì mọ̀.

Ìdí ogun náà kò farasin. Ní 1860, àwọn ènìyàn tí a dè ní ẹrú ní ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn ni wọ́n ń gbin òwú, àwọn ni wọ́n ń ká a, àwọn ni wọ́n ń dì í. Àwọn olówó wọn ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà a yan Abraham Lincoln sí ipò Ààrẹ, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí oko ẹrú tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun ti ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. South Carolina ni ó kọ́kọ́ ya ara rẹ̀ kúrò lára orílẹ̀-èdè náà. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá mìíràn sì tẹ̀lé e. Ní èbúté Charleston, ní South Carolina kan náà, ni a ti yin àgbá àkọ́kọ́ lu odi Fort Sumter, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1861.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jà. Iye tí a ti ń kà láti ìgbà pípẹ́ ni pé 620,000 jagunjagun ni ó kú. Àwọn onímọ̀ tí ó tún ìwé ìkànìyàn yẹ̀ wò ní àkókò wa yìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó tó 700,000, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹni mẹ́ta tí ó kú, gẹ́gẹ́ bí ìkà àtijọ́ náà ti wí, àrùn ni ó pa bí méjì, kì í ṣe ọta ìbọn: ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, àti irú wọn. Inú àgọ́ ni àwọn wọ̀nyí kú sí, lórí ẹní, láìsí ariwo àti láìsí orin akọni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ré òkun kọjá sí Lancashire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rọ elééfín ti ń ran òwú tí ó sì ń hun aṣọ fún gbogbo ayé. Nínú òwú tí ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1860, èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ju mílíọ̀nù méjì ìdì lọ. Bí ogun ti bẹ̀rẹ̀, Lincoln pàṣẹ kí ọkọ̀ ogun dí gbogbo èbúté Gúúsù. Àwọn ará Gúúsù pẹ̀lú fi ọwọ́ ara wọn dá òwú dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé bí òwú bá wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì yóò wá gbèjà wọn. Òtítọ́ mìíràn wà tí a kì í sábà sọ: àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire ti hun aṣọ jù ṣáájú ogun náà, ọjà sì ti kún, tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ kò fi ní ṣàìfà sẹ́yìn díẹ̀ bí ogun kò tilẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ogun ni ó sọ ìfàsẹ́yìn di ìyàn. Òwú tí a ń rà ní nǹkan bí 7 pẹ́nì fún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ṣáájú ogun kọjá 2 ṣílè ní 1864.

Nígbà tí ọdún 1862 fi ń parí lọ, àwọn tí ó ń jẹ nínú ọrẹ àánú ní àgbègbè náà tó bí ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn ènìyàn tí kò tọrọ rí ta àga, wọ́n ta ibùsùn, wọ́n fi aṣọ ìbora dógò. A kó àwọn ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ jọ sí ibi tí a ti ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán, kí wọ́n lè gba owó díẹ̀. A fi àwọn ọkùnrin sí ibi òkúta fífọ́. Ní 1863 a sì ṣe òfin pé kí ìjọba ìlú yá owó, kí wọ́n fi wọ́n ṣe ọ̀nà, kòtò ìdọ̀tí àti ọgbà ìgbafẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ní Stalybridge, a fẹ́ máa fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì dípò owó, bí ẹni pé wọn kò ní làákàyè tí a fi ń ná owó. Wọ́n bínú, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n kó ọjà. A sì ní láti pe ọmọ ogun sí wọn. Ebi nìkan kọ́ ni ó ń bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí nínú. Ẹ̀gàn pẹ̀lú wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó wà níwájú wọn. Àwọn kan ń sọ fún wọn pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi ipá ṣí èbútè Gúúsù, òwú yóò dé, oúnjẹ yóò sì dé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Liverpool wà lẹ́yìn Gúúsù. Ní Birkenhead, ní òdìkejì odò, ni a ti kan ọkọ̀ ogun Alabama tí ó ba ọkọ̀ ìhà Àríwá jẹ́ lójú òkun. Kì í sì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni ohùn wọn ṣọ̀kan. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1862, tí ó kù ọ̀la kí àṣẹ Lincoln tí ó sọ àwọn ẹrú inú àwọn ìpínlẹ̀ ọlọ̀tẹ̀ di òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ Manchester péjọ sí Free Trade Hall, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé lẹ́yìn òmìnira ni àwọn wà. Lincoln dá wọn lóhùn ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 1863: ó ní òun mọ ìyà tí ó ń jẹ wọ́n, ó sì ka ìdúró wọn sí ìwà akọni tí a kì í rí lójoojúmọ́. Ère rẹ̀ ń bẹ ní Manchester títí di òní, a sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà sí ìdí rẹ̀. Ní oṣù kejì 1863, ọkọ̀ George Griswold gúnlẹ̀ láti New York pẹ̀lú àgbá ìyẹ̀fun, ẹran àti àgbàdo fún àwọn tí ebi ń pa ní Lancashire. Orílẹ̀-èdè tí ó ń sin òkú tirẹ̀ ni ó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn tí ogun rẹ̀ sọ di aláìríjẹ.

Báwo ni ìròyìn ṣe ń dé nígbà náà? Wáyà tí a nà sí abẹ́ òkun ní 1858 ti bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò sì rí òmíràn tí ó dúró títí di 1866. Nítorí náà ọkọ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀, ó sì ń gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn tí a yìn lu Lincoln ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1865 pa á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. London kò gbọ́ títí di ọjọ́ 26. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, òkú ti wà ní Washington, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ṣì ń bẹ láàyè ní London. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ lójú ogun: ìgbà tí ó ń gbàdúrà kí ọmọ máa wà, ọmọ lè ti wà nínú ilẹ̀.

Àwọn tí kò tilẹ̀ ré òkun pàápàá, òkèèrè ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 1862, ní Antietam, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23,000 ènìyàn tí ó kú, tí ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí a kò rí mọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Alexander Gardner ya àwòrán àwọn òkú kí a tó sin wọ́n tán. Ní oṣù kẹwàá, Mathew Brady gbé àwọn àwòrán náà kalẹ̀ ní New York, àwọn ènìyàn sì tò wọ ibẹ̀ láti wò ó. Wọ́n ti ń ka iye òkú nínú ìwé ìròyìn láti ọdún kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni wọ́n rí i pé òkú ní ojú, ó ní irùngbọ̀n, ó sì ní bàtà lẹ́sẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Láti 1852 ni ọkọ̀ elééfín ti ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú lẹ́tà wá sí Èkó lóṣooṣù. Ní 1859, Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Kí ogun Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ni Henry Venn, akọ̀wé Ìjọ C.M.S. ní London, àti Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, ti fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Èrò wọn ni pé bí òwú Áfíríkà bá pọ̀ ní ọjà, agbára oko ẹrú Amẹ́ríkà yóò dín, òwò ẹrú ilẹ̀ wa yóò sì tán. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi pamọ́ pé ẹrú àti ìwọ̀fà wà lára àwọn tí ń ro oko ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pàápàá. Ẹni tí ó ra òwú náà ní Manchester kò sì lè mọ ọwọ́ tí ó ká a.

Bí òwú ti wọ́n tó nì, a lè rò pé ìgbà ọ̀wọ̀n yẹn ni ìgbà ọlà Abẹ́òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Íńdíà àti Íjíbítì ni ó dí apá tí ó pọ̀ jù nínú àlàfo tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀. Ilẹ̀ wa wà nínú ogun tirẹ̀. Láti 1860 ni Ìbàdàn ti dó ti Ìjàyè, tí Ẹ̀gbá sì gbèjà Ìjàyè. Ọ̀nà dí, oko di igbó, ebi pa ìlú náà kí idà tó pa á. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862. Ní oṣù kẹta 1864, ogun Dahomey tún dé odi Abẹ́òkúta, a sì lé wọn padà. Samuel Johnson kọ ìtàn ogun Ìjàyè sínú ìwé ńlá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé ìyà àwọn ọmọ Ìjàyè kò kéré sí ti ibikíbi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ó rọrùn fún ẹni tí ń ra òwú ní Manchester láti gbọ́ ogun Ìjàyè gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó dí. Ó rọrùn bákan náà fún ẹni tí ń ta òwú ní Abẹ́òkúta láti gbọ́ ogun Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí owó tí ó gòkè. Kò sí ìkà nínú èyíkéyìí nínú wọn. Iye ọjà ni ìròyìn tí ó yára jù, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ewu rẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá ti wọlé, a lè rò pé a ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ sì wo ohun tí iye ọjà kò sọ. Ní 1860, ọmọ ogun Dahomey kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kossola. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ní ìhà Bantè ni ilé rẹ̀ wà, láàárín àwọn ẹ̀yà tí èdè wọn bá tiwa tan, ní ilẹ̀ tí í ṣe Benin lónìí. A tà á ní Ouidah, a sì kó o pẹ̀lú bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn àti mẹ́wàá sínú ọkọ̀ Clotilda, tí ó dé Mobile ní Alabama ní oṣù keje 1860, lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́ta tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. A dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má ba à tú. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ jẹ́rìí sí i pé àfọ́kù rẹ̀ ni a rí nínú odò. Kò pé ọdún kan tí ó dé ibẹ̀ tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1865, àwọn ọmọ ogun Àríwá sọ fún un pé ó ti di òmìnira. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, wọn kò rí owó ọkọ̀. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú kan dó tí a ń pè ní Africatown. Níbẹ̀ ni Kossola, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis, gbé títí ó fi kú ní 1935. Ogun tí ilé rẹ̀ kò gbọ́ ni ó tú u sílẹ̀. Ogun tí Manchester kò kà sí ni ó tà á.

Àwọn mìíràn mọ ilẹ̀ méjèèjì. Martin Delany, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú Robert Campbell, wọ́n sì bá Aláké àti àwọn ìjòyè ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 1859, pé kí àwọn ènìyàn wọn lè wá tẹ̀dó síhìn-ín. Àdéhùn náà kò dúró. Delany padà sí Amẹ́ríkà, ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sí iṣẹ́ ogun, wọ́n sì fi í jẹ oyè májọ̀ ní 1865. Àwọn ọmọ ogun dúdú tí ó jà fún ìhà Àríwá tó bí 180,000. Bí 40,000 nínú wọn ni ó kú. Campbell ní tirẹ̀ padà wá sí Èkó ní 1862, ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Ọkùnrin tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia kì í ṣe ẹni tí ogun náà lè jìnnà sí lọ́kàn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni James Churchwill Vaughan. A bí i ní Camden, ní South Carolina, ní 1828. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Liberia, ó sì wá sí ilẹ̀ wa ní 1855, ó ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà fún àwọn oníwàásù Baptist. Ìjàyè ni ó wà nígbà tí Ìbàdàn dó tì í. Nígbà tí ó ń sá fún ogun níhìn-ín, ogun ń jó ìpínlẹ̀ tí a bí i sí; ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn oníwàásù Baptist pẹ̀lú, tí ìjọ wọn wà ní Gúúsù, kò rí owó gbà láti ilé mọ́, nítorí èbúté ti dí. Ogun kan wà ní ojú Vaughan, òmíràn sì wà ní etí rẹ̀. Ta ni ó lè sọ èyí tí ó wúwo jù? Èyí tí ó wà ní ojú, ènìyàn lè sá fún un, ó sì lè gbé ọmọ aláìníbaba kan jáde nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà ní etí kò ní ẹnu ọ̀nà. Ìrètí ọkọ̀ tí ń mú lẹ́tà bọ̀ nìkan ni ó kù. Vaughan kú ní Èkó ní 1893, ìdílé ńlá ni ó sì fi sílẹ̀.

Nítorí èyí, iṣẹ́ kan wà tí mo kà sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó dára jù tí a ṣe nítorí ogun náà, bí kò tilẹ̀ sí ìbọn nínú rẹ̀. Nígbà tí ogun tán, Clara Barton ṣí ọ́fíìsì kan ní Washington láti wá àwọn jagunjagun tí ó sọnù. Òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ dáhùn lẹ́tà tí ó lé ní 63,000, wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn bí 22,000 yọrí sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Dorence Atwater, tí ó wà nínú ìgbèkùn ní Andersonville ní Georgia, ti fi ìkọ̀kọ̀ da orúkọ àwọn tí ó kú níbẹ̀ kọ. Nípa ìwé rẹ̀ ni a fi lè kọ orúkọ sí orí ibojì tí ó pọ̀ jù nínú bí 13,000 tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tí ó kọ lẹ́tà sí Barton kò béèrè iye òkú. Orúkọ kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wọn béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni a rí kọ́? Èkíní, kí ẹni tí ó wà ní òkèèrè má ṣe jẹ́ kí iye ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí nǹkan bá wọ́n tàbí tí ó pọ̀ ní ọjà nítorí ogun ìlú mìíràn, kí a bèèrè ẹni tí ó sanwó rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa. Èkejì, kí a máa dá iye padà sí orúkọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kò ní ìyá; olúkúlùkù nínú wọn ni ó ní. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe rò pé òkèèrè sọ wá di aláìlágbára tàbí aláìlẹ́ṣẹ̀. Òkèèrè ni àwọn tí ó kan ọkọ̀ Alabama wà, òkèèrè náà ni àwọn tí ó péjọ sí Free Trade Hall wà. Ogun kan náà ni wọ́n gbọ́. Àwọn ti Free Trade Hall kò lè dá ogun náà dúró, wọn kò sì lè jà á. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kò ju pé kí wọ́n má ṣe fi òmìnira ẹlòmíràn ra oúnjẹ ara wọn, wọ́n sì ṣe é nígbà tí àwo wọn ṣófo.

Ní oṣù kejìlá 1865, a kọ ọ́ sínú òfin ńlá Amẹ́ríkà pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú mọ́ níbẹ̀. Ìwà ìkà kò ti ibẹ̀ tán. Ìtàn ọdún tí ó tẹ̀lé e fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́rin bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó lè tà wọ́n, àwọn kan tí kò rí wọn rí sì ti fi ebi ara wọn dúró tì wọ́n. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Lónìí, ìròyìn ogun kì í gba ọjọ́ mọ́kànlá mọ́. Kí a tó jẹun òwúrọ̀ tán ni a ti rí òkú alẹ́ àná. Ìròyìn ti yára ju ti ìgbà Vaughan lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó mú wá kò yí padà. Nígbà tí a bá gbọ́ ogun tí ó jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè pé: ọmọ ta ni?